Òpó Kẹrin Ilé Atẹ́gùn

Akínlabí Àjàní, ọmọ mọlémọlé Ìsẹ́yìn, ọmọ a-fẹsẹ̀-po-amọ̀-má-ta-sí-aṣọ, ọmọ a-mọlé-fólówó-mọlé-fáláìní, bàbá mi, ẹ sùn re o. Karím Àkànní, ọmọ Yazd nílẹ̀ Páṣíà, ọmọ ìlú tí ilé amọ̀ ti ga ju igi lọ, ọmọ a-fi-ìka-mẹ́ta-gbẹ́-òdòdó-sára-ẹfun, Ústà wa, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ lédè yín, ẹ̀yin tí ẹ kò ní ẹbí kankan nílẹ̀ yìí àfi àwa, ẹ̀yin náà ẹ sùn re. Bàámi ló fún Ústà ní Àkànní. Wọ́n ní kò bójú mu kí èèyàn máa gbé nínú ilé ẹni kó má ní oríkì, pé kí la ó fi rọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́? Oṣù kẹta rèé tí Bàámi kú, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Èmi ni mo tọ́jú wọn títí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ilé atẹ́gùn létí wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ débẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ dúró nídìí fèrèsé, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí wa. Ní báyìí kò sí ẹni tó máa dìde mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Inú Bíbélì Màámi ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá, ẹ má bá mi wí bí ó bá wọ́ níbì kan.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Délé àbúrò mi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ilé onípákó kan là ń gbé ní Stone Mountain, ní Georgia nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní garaji, ṣùgbọ́n mọ́tò wa kì í wọ ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni Ústà ń sùn. Àwọn ará wa kò tíì pọ̀ ládùúgbò náà bíi tòde òní tí èèyàn lè ra ẹ̀lùbọ́ kó tó jáde tán ní òpópónà rẹ̀. Ilé Yorùbá méjì péré ni mo mọ̀, tiwa àti ti Aunty Fọlákẹ́, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Màámi ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá di ojú báyìí, ariwo ilé yẹn láàárọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́: Màámi tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ òru dé, tí wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, omi tíì tó ń hó, Ústà tí wọ́n ń húkọ́ ní garaji kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn, torí wọn kì í wọlé láìjẹ́ pé a ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, àti lẹ́yìnkùlé, ìró ẹsẹ̀ nínú amọ̀, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ èmi àti Délé nìyẹn. Iṣẹ́ wa ni, kí bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí amọ̀ ṣe dé ẹ̀yìnkùlé wa. Obìnrin òyìnbó kan wà lẹ́yìn ìlú Lilburn tí à ń pè ní Miss Dorothy. Bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ olówó tó rìnrìn àjò dé ilẹ̀ Páṣíà láyé ọjọ́un. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ dání, wọ́n sì kọ́ ilé ìgbafẹ́ kan fún un sáàárín ọgbà òdòdó rẹ̀. Òpó igi mẹ́fà gíga ló wà níwájú rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi ń ṣàn gba iwájú wọn kọjá. Àjà rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n ya ewé àti ẹyẹ sí lára. Ní yàrá ẹ̀yìn, ègé igi wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ni wọ́n fi há ara wọn di fèrèsé, láìkan ìṣó kan ṣoṣo, gíláàsì pupa àti aláwọ̀ aró sì wà láàárín wọn. Amọ̀ tí wọ́n fi koríko gbígbẹ pò ni wọ́n fi bo òrùlé. Ústà ní kúṣíkì ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ nílùú àwọn. Bàámi ń pè é ní ilé atẹ́gùn. Òjò Georgia ti ba òrùlé náà jẹ́, ẹfun tí wọ́n fi rẹ́ ara òpó ti ń já bọ́ ní ègé ní ègé, Miss Dorothy sì ti búra pé kò ní sí sìmẹ́ńtì, kò ní sí ìṣó, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni kí wọ́n tún un ṣe. Ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe títí kó tó rí Ústà Karím, tó ń ru báàgì sìmẹ́ńtì níbi ilé kíkọ́ kan ní Jonesboro. Ibẹ̀ náà ni Bàámi ti ń ru tiwọn. Ústà wá bi gbogbo àwọn lébìrà pé ta ló ti fi ẹsẹ̀ po amọ̀ ilé rí láyé rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàámi nìkan ló nawọ́, ni Ústà bá mú wọn sí iṣẹ́ náà, Bàámi sì fún Ústà ní garaji wa kí wọ́n máa sùn síbẹ̀. Bàbá wọn ló mọ ìdajì àwọn ilé àdúgbò wọn ní Ìsẹ́yìn.

Amọ̀ náà gbọ́dọ̀ kan kó tó dára. Wọ́n á pò ó mọ́ koríko, wọ́n á bomi sí i, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi máa rùn. Ústà ní amọ̀ tí kò bá tíì rùn, òjò á fọ̀ ọ́ lọ. Àwọn tó ń tọ́jú ọgbà Miss Dorothy ní àwọn ò lè gbà á, ló bá di pé ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí. Mr. Willie, àgbàlagbà dúdú ará Georgia tó wà nílé kejì, á yọ orí lókè ọgbà: "Àjàní! Kí lo sin síbẹ̀ yẹn?" Bàámi á dáhùn pé, "Ilé ni, Mr. Willie. Ilé ni mo sin." "Tètè hú u o, kí n tó kó lọ bá àbúrò mi ní Alabama." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Màámi kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní aṣọ iṣẹ́ àwọn ń rùn bí odò tó gbẹ, pé aláìsàn kan bi àwọn léèrè bóyá ẹran ni àwọn ń sìn nílé.

Ṣùgbọ́n Màámi fẹ́ràn Ústà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó kù díẹ̀ kí wọ́n jà. Màámi bu ìrẹsì funfun lẹ́lẹ́ fún wọn pẹ̀lú ọbẹ̀ ata. Ústà jẹ ẹ́ tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá fi ọwọ́ sí àyà, wọ́n ní bí kò bá ní ni Màámi lára, ṣé àwọn lè rí èyí tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò? Màámi wo Bàámi. "Ṣé ọkùnrin yìí ń sọ fún mi pé mo jó oúnjẹ ni?" Bàámi ní, "Ó jọ pé ó ń bẹ̀ yín ni." Màámi fi ìbínú họ ìdí ìkòkò, wọ́n gbé e síwájú Ústà gbì. Ústà jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ ẹran ọdún, ojú wọn sì kún fún omi. Láti ọjọ́ yẹn lọ, Màámi ń mọ̀ọ́mọ̀ jó ìrẹsì.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì fi ìtẹríba di ẹrù lé ara wọn lórí. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ústà fi ọdún méjìlá ju Bàámi lọ, nítorí náà láràárọ̀ Bàámi á dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Nígbà àkọ́kọ́, Ústà rò pé òòyì ló gbé wọn ṣubú, wọ́n ké sí Màámi. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ìkíni ni, wọ́n sáré kúnlẹ̀ kí àwọn náà lè dọ̀bálẹ̀, Bàámi tún ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde, wọn ò ní jáde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ níwájú." "Ká má rí i, Àgà Àjàní, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lọ." "Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ." "Ẹ̀yin lẹ ni ilé." Gẹ̀ẹ́sì tí kò já geere ni wọ́n ń sọ síra wọn, àfi àgà, tí í ṣe ọ̀gbẹ́ni lédè Ústà, ṣùgbọ́n bó ṣe dún létí mi ni mo ṣe kọ ọ́: àwọn méjèèjì ló ń fi "ẹ" bá ara wọn sọ̀rọ̀. Màámi á pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ẹ gba fèrèsé o, ẹ̀yin méjèèjì! Ọmọ máa pẹ́ dé ilé ìwé!" A máa ń rẹ́rìn-ín débi pé tíì á gba imú Délé jáde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé a rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín yẹn lè pa èèyàn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màámi gbọ́dọ̀ sùn, Délé á lọ sọ́dọ̀ Aunty Fọlákẹ́, èmi á bá wọn lọ síbi iṣẹ́. Mo ń pọn omi, mo ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ústà ló ń ṣe ẹfun orí òpó, òdòdó lórí òdòdó bí ilé oyin, wọ́n sì máa ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ lórí àkàbà. Iṣẹ́ Bàámi ni kí wọ́n họ ẹfun àtijọ́ kúrò nídìí òpó, kí wọ́n fọ igi abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi tuntun bò ó. Àwọn òpó náà, Ústà ti yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níwájú Miss Dorothy, kó, kó, kó, wọ́n ní, "Ìwọ̀nyí dára. Wọ́n á sin gbogbo wa." Miss Dorothy pàtẹ́wọ́.

Sátidé kan lẹ́yìn Àjíǹde ni Bàámi dé ìdí òpó kẹrin. Mo jókòó ti garawa, mo ń wò wọ́n. Wọ́n họ ẹfun àtijọ́ kúrò, wọ́n wá fi ẹnu irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń họ ọ́ kan igi náà. Irin yẹn wọlé. Igi kì í gba irin báyẹn. Ó wọlé bí ṣíbí ṣe ń wọ ẹ̀kọ, títí ó fi kan ọwọ́ Bàámi. Wọ́n fà á yọ, ìyẹ̀fun pupa tẹ̀lé e, àti ikán funfun mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n ń sá fún oòrùn. Mo gbé etí lé òpó náà. Nǹkan kan ń jẹun nínú rẹ̀. Ìró rẹ̀ kéré, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń ká bébà olómi sínú ọwọ́, kò sì dáwọ́ dúró.

Bàámi gbójú sókè. Ústà ń kọrin lórí àkàbà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Bàámi bu ẹfun tútù, wọ́n fi dí ihò náà, wọ́n tún fi ọwọ́ ra á títí ó fi dán.

"Àṣàbí, o ò rí nǹkan kan."

"Bàámi, ikán ni."

"Mo ní o ò rí nǹkan kan. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, sà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún Màámi. Màámi ń ṣa ẹ̀wà, mo gbọ́ tí ẹ̀wà dákẹ́ nínú abọ́. "Ẹ sọ fún wọn," Màámi wí. "Ẹ pè wọ́n sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sọ fún wọn." Bàámi ní báwo? Pé ọkùnrin náà ti kan òpó yẹn níwájú oníṣẹ́, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dára. "Ẹni tó gbé mi kúrò nídìí báàgì sìmẹ́ńtì. Ẹni tó jù mí lọ. Ṣé èmi ni n óò wá sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò ríran?" Màámi ní èwo ló ṣe pàtàkì jù, ojú Ústà àbí òpó? Bàámi ní, "Mo ti fi ẹfun dí i pẹ̀lú. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mo fi dí i." Wọ́n ní, "Ó máa gbé òrùlé dúró títí iṣẹ́ á fi parí. Tó bá yá, màá wá bí mo ṣe máa gbé e síwájú wọn, kó lè dà bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló rí i." Ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú abọ́ padà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wọ ilé wa. Ó bá mi jókòó nídìí oúnjẹ, ó bá mi wọ bọ́ọ̀sì. Ní kíláàsì, bí tíṣà bá ju ìwé sórí tábìlì, màá ta gìrì. Bí ó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, màá lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà, màá máa gbọ́ ìró mọ́tò láti ìsàlẹ̀ òpópónà. Mo mọ ìró mọ́tò Bàámi láàárín ogún. Tẹlifóònù ara ògiri ilé ìdáná wa tilẹ̀ burú jù. Bó bá ti dún, èmi àti Màámi á wo ara wa, kò sí ẹni tó máa fẹ́ gbé e. Àwọn ọkùnrin méjèèjì á wá wọlé pẹ̀lú ẹfun lórí irun wọn, wọ́n á máa bẹ ara wọn nídìí ilẹ̀kùn pé kí ẹnì kejì kọ́kọ́ wọlé, Màámi á sì jókòó sórí àga láìpariwo sí wọn. Títí di òní, bí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, n kì í jókòó sí ìdí òpó. Tolú ọmọ ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Grandma, irin ni o." Mo mọ̀ pé irin ni. Ọwọ́ mi á ṣì kàn án kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, etí mi á sì dúró de ohun tó máa dáhùn.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí ló kàn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ òpó yẹn. Èmi nìkan ni mò ń tẹ amọ̀, ibà ń ṣe Délé. Ústà jáde láti garaji, wọ́n ká ṣòkòtò wọn dé orúnkún, wọ́n wọ inú kòtò wá bá mi. A jọ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Wọ́n bù ú sọ́wọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní ó ti ń dára. Wọ́n wá ní, "Àṣàbí ján" (bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn nìyẹn), "bàbá rẹ, ṣé wọ́n sọ nǹkan kan fún ọ nípa àwọn òpó?" Ojú wọn kò sí lára mi, inú amọ̀ ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo ń rí i bí ẹni tí ń rí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni èmi, tí màá gbé ọ̀rọ̀ bàbá mi lọ fún ẹni tó ju bàbá mi lọ? Wọ́n kọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin tó ń kà á. Wọ́n ti kọ́ mi jù. Mo ní, "Rárá, sà." Ústà mi orí. Wọ́n fi ọwọ́ tí kò ní amọ̀ kàn mí lórí, wọ́n sì jáde lọ fọ ẹsẹ̀ wọn nídìí ẹ̀rọ omi.

Òrùlé ló kẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n tẹ́ amọ̀ ìpele kìíní, wọ́n fi rọ́bà ńlá bò ó kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀. Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, afẹ́fẹ́ sì ká rọ́bà yẹn kúrò. Nígbà tí a débẹ̀ ní Sátidé, amọ̀ òrùlé ti mu omi bí kàn-ìn-kàn-ìn. Miss Dorothy ti pe àwọn ènìyàn láti wá wo ilé náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì ti ń to àga sórí koríko. Igun kan ṣoṣo ló kù tí wọn ò tíì tẹ́ ìpele kejì sí, igun òkè òpó kẹrin àti ìkarùn-ún. Mo lọ wo òpó náà kí n tó gbé garawa sílẹ̀. Ẹfun Bàámi ti sán. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí orí mi mọ.

"Bàámi. Ẹ wá wò ó."

Wọ́n wá, wọ́n wò ó. Àwọ̀ ojú wọn yí padà. Wọ́n rìn lọ bá Ústà nídìí àkàbà, mo sì tẹ̀ lé wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wò ó pé kí a fi iṣẹ́ òní sílẹ̀. Omi pọ̀ jù lókè."

Ústà wo òkè, wọ́n wo Bàámi. "Bí ẹ bá ní kí á fi í sílẹ̀, Àgà Àjàní, a ó fi í sílẹ̀."

"Rárá, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni."

"Ẹ̀yin náà mọ̀. Ohun tí ẹ bá sọ la máa ṣe."

"Ohun tí ẹ̀yin bá sọ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Omi ń kán láti eteetí òrùlé. Títí màá fi kú, mi ò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe dúró. Miss Dorothy kígbe láti ibi àga rẹ̀ pé ṣé àwọn á parí lónìí? Ústà fi ọwọ́ sí àyà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Madam. Bàámi gbé korobá amọ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan lé àkàbà. Ústà di apá wọn mú. "Ẹ dúró nílẹ̀. Èmi ló máa gùn ún." Bàámi ní kò ṣeé ṣe, kí àwọn wà nílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n máa ru amọ̀? Ústà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ohùn wọn le. "Àgà Àjàní, mo ju yín lọ. Mo ní kí ẹ dúró nílẹ̀." Bàámi fà sẹ́yìn, wọ́n gbé korobá fún wọn.

Ìgbà mẹ́ta ni Ústà lọ, wọ́n bọ̀. Ní ìgbà kẹrin, mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa aṣọ tó ti gbó ya. Òpó kẹrin kò ṣubú. Ìdí rẹ̀ ló fọ́ wọnú ara rẹ̀, ó sì kúrú, bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Igun òrùlé yẹn tẹ̀ lé e wálẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó pẹ́ débi pé mo rí ojú Ústà. Wọ́n ń wo Bàámi. Lẹ́yìn náà, amọ̀ yọ̀ ní odindi, ó gbé Ústà dání, pákó àjà sì wó lé wọn. N kò mọ ẹni tó ń ké. Wọ́n ní èmi ni. Bàámi ń fi ọwọ́ méjèèjì wú amọ̀, wọ́n ń pe, "Àkànní! Àkànní!" Kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan lẹ́nu wọn mọ́.

Ọjọ́ márùn-ún ni Ústà lò ní ọsibítù. Ìdí wọn àti ìhà wọn ló fọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú. Bàámi kò kúrò níbẹ̀, wọn ò wẹ̀, amọ̀ gbẹ mọ́ wọn lára. Ní ọjọ́ kẹta, Ústà ní kí wọ́n mú mi wá. Màámi fọ ojú mi, wọ́n wọ̀ mí ní aṣọ ọjọ́ Ìsinmi. Bí a ṣe wọlé, Bàámi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ọsibítù, nọ́ọ̀sì sáré wá, Màámi ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Láti ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n sọ nípa irin tó wọlé, ikán, ẹfun tí wọ́n fi dí i. Wọn ò yọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ústà ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Wọ́n ní ní ọ̀sẹ̀ kejì tí Bàámi dí i, àwọn rí i pé ẹfun ibẹ̀ kò jọ ti ibòmíì, àwọn fi ọ̀bẹ gún un, ọ̀bẹ sì wọlé títí dé ìdí. "Mo sọ fún ara mi pé Àgà Àjàní ló fọ òpó yìí, ó ti rí i, ó máa sọ fún mi nígbà tó bá tó lójú rẹ̀. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ ọ́, á dà bí ẹni pé mo ní ó fi nǹkan pamọ́ fún mi. Báwo ni n óò ṣe tún jókòó jẹ ìrẹsì ìyàwó rẹ̀?" Ẹ̀mí wọn ń já. Wọ́n ní, "Mò ń dúró dè yín." Bàámi ní, "Èmi náà ń dúró de ẹ̀yin." Màámi jáde lọ dúró ní ọ̀nà àbákọjá, mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún.

Ústà wá yí ojú sí mi. Mo rò pé wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ kòtò amọ̀, pé àwọn bi mí, mo sì parọ́. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n wo Bàámi, wọ́n ní, "Ẹ má bi ọmọ yìí ní ohunkóhun. Ọmọ dáadáa ni." Bàámi kò sì bi mí, títí wọ́n fi kú lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ústà kú ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. A pe nọ́ḿbà kan tó wà nínú àpótí wọn, ó ń dún ní òkèèrè, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Mr. Willie fún Bàámi ní kóòtù dúdú. Àwọn Mùsùlùmí kan tí a kò mọ̀ rí wá bá wa wẹ òkú náà, ìmáàmù wọn sì béèrè pé ta ni ẹbí. Bàámi ní, "Èmi ni àbúrò rẹ̀." Ọjọ́ Ẹtì la sin ín, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ní itẹ́ òkú kan lọ́nà Jonesboro. Bàámi wọ inú sàréè, wọ́n sì gba òkú náà lọ́wọ́ àwọn tó gbé e. Èmi, Màámi àti Délé dúró lókè.